Ẹmu Ògùrọ̀ Láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú: Ahá Mẹ́rin, Adùn Mẹ́rin

Bí ènìyàn bá ra ọtí bíà láàárọ̀, tó sì gbé e pa mọ́ di ìrọ̀lẹ́, bíà náà ni yóò bá nínú ìgò. Ilé iṣẹ́ tó pọn ọ́n ti pinnu bí yóò ṣe rí lẹ́nu kí wọ́n tó dé e ní ìdérí. Ẹmu kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá ti kán sínú akèǹgbè ni ó ti ń yí padà, kò sì ní sinmi títí yóò fi kan. Ẹmu tí bàbá mu láàárọ̀ kọ́ ni ọmọ yóò bá nínú akèǹgbè kan náà lálẹ́. Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ti ẹmu kò tilẹ̀ tó ọrọọrún; wákàtí sí wákàtí ni tirẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń bi ẹlẹ́mu, pé "Ṣé ẹmu yìí dùn?", kò tó. Èyí tó yẹ kí á kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ìgbà wo ni ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí igi?" Ẹni tó bá mọ wákàtí ẹmu ló mọ ẹmu. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń rí tàn jẹ.

Àwọn tó ń fa sìgá ńlá olówó gọbọi, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ ká ní orílẹ̀-èdè Kúbà, ní àṣà kan tó wù mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èéfín wọn kò wù mí rárá. Wọ́n máa ń pín sìgá kan ṣoṣo sí ọ̀nà mẹ́ta: ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí. Wọ́n á tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n á kọ ohun tí ẹnu wọn sọ sílẹ̀, wọ́n á sì fún un ní máàkì, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí iná ṣe ń jẹ ẹ́ lọ ni adùn rẹ̀ ń yí. Bí ènìyàn bá lè fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ti ewé tó ń jóná, ẹmu tiwa náà yẹ lẹ́ni tí yóò jókòó tì í láti òwúrọ̀ ọjọ́ kan dé òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ohun tí mo ṣe nìyí, èsì rẹ̀ ni mo sì kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Igi tó ń fúnni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo

Oríṣi ẹmu méjì ló wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹmu ọ̀pẹ ni èyí tí wọ́n ń dá lára ọ̀pẹ tó ń so ẹyìn. Ògùrọ̀ ni èyí tí wọ́n ń dá lára igi ògùrọ̀, ìbátan ọ̀pẹ tó fẹ́ràn àbàtà àti etí omi. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìmọ̀ta àti Agbówà láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ yóò rí ìdí tí ògùrọ̀ fi pọ̀ lágbègbè náà. Ọ̀sà kò jìnnà sí ibẹ̀, odò kéékèèké ń ṣàn wọ inú rẹ̀, ilẹ̀ sì rọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi tó fi jẹ́ pé igi tó lè gbé inú omi ló lè dàgbà níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà láàárín igi méjèèjì. Ọ̀pẹ tí adẹ́mu dá ẹmu lára rẹ̀ ní òòró lọ́dún yìí lè fún un ní ẹmu lọ́dún tó ń bọ̀. Ògùrọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń yọ òdòdó ní gbogbo ayé rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò kú. Ìgbà tí òdòdó yìí bá fẹ́ jáde, tí igi náà ti kó oúnjẹ tó ti ń fi pamọ́ láti ọdún pípẹ́ jọ, ni adẹ́mu yóò gun un, tí yóò gé ọ̀mùnú rẹ̀, tí omi dídùn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú akèǹgbè. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ni yóò máa gùn ún. Yóò gba èyí tó ti kán sílẹ̀, yóò sì fi ọ̀bẹ mímú bẹ ojú egbò náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó má baà dí. Bí omi náà bá dá, igi ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ahá ògùrọ̀ sẹ́nu, ìkẹyìn ohun tí igi kan ní ló ń mu.

Bí mo ṣe tọ́ ọ wò

Bàbá adẹ́mu kan ní ìtòsí Agbówà ló gbà mí láyè. Mo kí wọn pé, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ kú ewu orí igi." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "O ò kúkú gùn ún, ọmọ mi, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé ewu ń bẹ níbẹ̀." Nígbà tí mo ṣàlàyé pé mo fẹ́ mu ẹmu kan náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ àti ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ẹmu kì í purọ́. Ènìyàn ló ń purọ́ mọ́ ọn."

Mo gba lítà méjì tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, mo dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́. Mi ò dé e pa, nítorí ẹmu tó ń hó lè fọ́ ohun tí wọ́n bá dé e mọ́. Ahá kan náà ni mo fi tọ́ gbogbo rẹ̀ wò. Omi tútù ni mo fi ń yọ́ ẹnu kí n tó mu ún, n kò sì jẹ ata ṣáájú. Ìdajì ahá péré ni mo ń mu lẹ́ẹ̀kan, torí ẹni tó bá ti yó kò lè ṣe onídàájọ́ mọ́.

Ohun márùn-ún ni mo fún ní máàkì, méjì méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: òórùn rẹ̀; ojú rẹ̀, ìyẹn àwọ̀ àti ìfóòfó; adùn rẹ̀; agbára rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe le sí àti bí ó ṣe ń ta lẹ́nu; àti ohun tó ṣẹ́kù lẹ́nu lẹ́yìn tí a bá gbé e mì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá.

Ahá kìn-ín-ní: aago méje òwúrọ̀, ní ìdí igi

Àwọ̀ rẹ̀ kò tíì funfun tán. Ó dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì, ìfóòfó rẹ̀ kò sì ju òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ létí ahá. Òórùn rẹ̀ rọra ń bọ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìrèké sí méjì. Nígbà tó kan ahọ́n, adùn ló kún ẹnu, adùn tó tutù tí kò sì há ènìyàn lọ́fun. Kò ta. Kò le. Ohun tó ṣẹ́kù lẹ́nu mọ́ tónítóní, ó jọ ti omi àgbọn tútù.

Ìdí adùn yìí ni pé omi ara igi náà kún fún ṣúgà. Bí akèǹgbè bá mọ́, adùn náà á pẹ́ díẹ̀. Bí ẹmu àná bá ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kíkan yóò ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ahá yìí ni àwọn tí kò fẹ́ ọtí líle fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kò sí ọtí kankan nínú rẹ̀. Òórùn 1, ojú 1, adùn 2, agbára 1, ìkẹyìn 2. Àpapọ̀: 7.

Ahá kejì: aago méjìlá ọ̀sán, ní Ẹ̀pẹ́

Nígbà tí ọkọ̀ fi gbé wa dé Ẹ̀pẹ́, ẹmu ti di ohun mìíràn. Ó ti funfun bíi wàrà. Kì í ṣe wàrà tàbí àgbàdo ló sọ ọ́ di funfun. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí ló ti bí sí i níye tí kò lóǹkà. Ìwúkàrà ni olórí wọn, irú kan náà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò láti mú ìyẹ̀fun wú. Wọ́n ń jẹ ṣúgà inú ẹmu, wọ́n ń sọ ọ́ di ọtí, wọ́n sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Afẹ́fẹ́ yìí ni ìfóòfó tí à ń rí.

Ìfóòfó náà ti gun orí ahá, ó ń ké ṣìnìnìnì bí ènìyàn bá gbé etí sún mọ́ ọn. Adùn ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kíkan díẹ̀ ti wọ inú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọsàn tó gbó dáadáa. Ó ta ahọ́n, ó sì gba ọ̀fun kọjá pẹ̀lú ooru díẹ̀. Ìlú ẹja ni Ẹ̀pẹ́, òkìkí ọjà ẹja Olúwo sì kan jìnnà. Mo fi ọ̀bọ̀kún yíyan jẹ ẹnu lẹ́yìn tí mo ti kọ máàkì mi tán, mo sì rí i pé ọ̀rá ẹja àti kíkan ẹmu bá ara wọn mu gan-an. Ẹni tó bá ní ìkókorè gbígbóná nílé, ẹmu ọ̀sán ni kí ó wá sí i.

Ohun kan ṣoṣo ni mo yọ máàkì lé lórí: kíkan tó ṣẹ́kù létí ahọ́n pẹ́ díẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Òórùn 2, ojú 2, adùn 2, agbára 2, ìkẹyìn 1. Àpapọ̀: 9.

Ahá kẹta: aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ní Ìkòròdú

Èyí ni ẹmu àwọn àgbà ọ̀mu. Adùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, agbára ti gba ìjọba. Òórùn rẹ̀ ti ń sún mọ́ ti ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó wú jù, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun sì ti sílẹ̀ sí ìdí kẹ́ẹ̀gì. Mo mì ín kí n tó dà á, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n mu sọ pé ẹmu tí a kò mì, ìdajì rẹ̀ ló ṣẹ́kù nílẹ̀. Ó kan, ó le, ó sì gbóná dé àyà. Láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, ọtí inú ẹmu lè tó ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó jẹ́ pé díẹ̀ ló fi dín sí ti bíà. Ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà, kí ó má ṣe fi ojú omi dídùn àárọ̀ wò ó. Òórùn 1, ojú 2, adùn 1, agbára 2, ìkẹyìn 1. Àpapọ̀: 7.

Ahá kẹrin: aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì

Ìfóòfó ti lọ. Kíkan nìkan ló kù, irú èyí tó ń mú kí ojú ṣẹ́ pọ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìwúkàrà, wọ́n ti ń sọ ọtí di ọtí kíkan. Kò yẹ ní mímu fún ìgbádùn mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun ìdànù. Nígbà tí ìwúkàrà inú páálí kò tíì wọ́pọ̀, ẹmu ni ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń wú ìyẹ̀fun wọn. Òórùn 0, ojú 1, adùn 0, agbára 1, ìkẹyìn 1. Àpapọ̀: 3.

Ẹmu tí kò ní wákàtí

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, mo ra ẹmu mìíràn ní etí títì kan ní Ìkòròdú, mo sì gbé e kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi. Ẹni tó tà á fún mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ṣàn bí omi, ìfóòfó rẹ̀ kò dúró, kò sì sí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nídìí ìgò. Ṣùgbọ́n ó dùn! Ó dùn ju ahá mi ti àárọ̀ lọ, adùn tó dì mọ́ ẹ̀yìn ahọ́n, tó sì korò díẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ẹ̀rí rèé. Ẹmu tó ti wà nínú ooru láti àárọ̀ kò lè dùn bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, torí ìwúkàrà ti jẹ púpọ̀ nínú ṣúgà rẹ̀. Bí adùn bá ṣì kún inú rẹ̀, tí kò sì sí nínú fíríìjì, ó yẹ kí ara fu wá pé ẹnìkan ló dà á padà síbẹ̀. Omi ni wọ́n sábà máa ń fi bù ú là kí ó lè pọ̀, ṣúgà tàbí sákárínì ni wọ́n sì ń fi bo àṣírí omi náà mọ́lẹ̀. Àbùlà ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe owó wa nìkan ni ó ń jí. Omi tí a kò mọ orísun rẹ̀ lè gbé àrùn wọ inú ilé, ẹni tó bá sì ní àtọ̀gbẹ yóò mu ṣúgà tí kò mọ̀ pé òun ń mu. Mo fún un ní 2, torí pé ó tutù.

Ọ̀nà wà láti dá ẹmu dúró lójú kan láìṣe èrú. Ilé iṣẹ́ ìwádìí FIIRO, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Òṣòdì ní ọdún 1956, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí bí a ṣe lè rọ ẹmu sínú ìgò, kí a fi ooru pa ìwúkàrà inú rẹ̀, kí ó lè pẹ́ nílẹ̀. Irú ẹmu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àbùlà, bí a bá kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára ìgò.

Ohun tó yẹ kí ìdílé mọ̀

Ẹmu kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Mùsùlùmí pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, wọn kì í sì í mu ún. Nínú ẹ̀sìn àbáláyé pàápàá, Ògún fẹ́ràn ẹmu, ṣùgbọ́n èèwọ̀ ni fún àwọn olùsìn Ọbàtálá, nítorí ìtàn sọ pé ẹmu ló kun òrìṣà náà lóorun nígbà tí wọ́n rán an láti wá dá ilé ayé.

Ọ̀pọ̀ ìyá ló gbà pé ẹmu ń mú kí omi ọmú pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ọtí tí ìyá bá mu máa ń dé inú omi ọmú. Aboyún, ìyá ọlọ́mú àti ọmọdé kò ní ohun tí wọ́n ń wá nínú ahá ẹmu.

Ẹ má sì ṣe da ẹmu pọ̀ mọ́ ògógóró, tí wọ́n ń sè láti inú ẹmu kíkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ògógóró olóró pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè Irèlè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ohun tí àyẹ̀wò fi hàn nínú rẹ̀ ni methanol, májèlé tó ń fọ́ ojú tó sì ń pani. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Rivers láìpẹ́ sí i, àjọ NAFDAC sì fi òfin de ògógóró lọ́dún náà. Methanol kì í dá wá sínú ẹmu ní ìwọ̀n tó ń pani. Ọ̀nà kan náà tí wọ́n gbà ń bu omi la ẹmu ni wọ́n gbà ń lú ògógóró: ẹni tí kò mọ ojúlówó ni wọ́n ń wá.

Bí ojúlówó bá tán ńkọ́?

Ní ọdún 1952, wọ́n tẹ ìwé Amos Tutuọ́lá lórí ọ̀mùtí kan tí adẹ́mu rẹ̀ já láti orí igi, tó kú, tí òun sì wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ní ọdún 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé e sórí ìtàgé ní èdè Yorùbá, ó pè é ní *Lànkẹ́ Ọ̀mùtí*. A máa ń rẹ́rìn-ín sí Lànkẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ti di tiwa: bí adẹ́mu bá lọ, ta ni yóò rọ́pò rẹ̀?

Bàbá tí mo bá ní Agbówà sọ pé kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun tó mọ bí wọ́n ṣe ń gun ògùrọ̀. Wọn kò bínú nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Àwọn náà ló rán wọn nílé ẹ̀kọ́. Àbàtà tí igi náà ń gbé sì ń dín kù. Láti Ìkòròdú títí dé ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, iyanrìn ni wọ́n ń kó dí irà láti kọ́ ilé àti ẹ́sítéètì. Igi tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń fúnni ní ẹmu, tó sì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dàgbà, bí a bá dá a láìgbin òmíràn sí ipò rẹ̀, kò ní pẹ́ tán. Nígbà náà, àbùlà nìkan ni yóò kù lọ́jà, kò sì ní sí ẹnu tó lè dá a mọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń mu ún, ẹ rà á lọ́wọ́ adẹ́mu tí ẹ mọ igi rẹ̀, kí ẹ sì san iye tó tọ́ sí iṣẹ́ ẹni tó ń fi ẹ̀mí wéwu lórí igi. Ẹ wo ìfóòfó rẹ̀. Ẹ wo ìdí kẹ́ẹ̀gì bóyá gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ara fu yín sí ẹmu tó dùn nígbà tó yẹ kó ti kan. Kí ẹ tó na owó, ẹ rọra bi ẹlẹ́mu pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀?" Ojúlówó ẹlẹ́mu yóò dá yín lóhùn kí ẹ tó pa ẹnu dé.